ỌWỌ́ ARA ẸNI: Bí A Ti Lè Tu Ara Wa Nínú Ilé Lẹ́yìn Làálàá Ọjọ́

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ìsọ̀ ní Asese, ní Mowe àti ní Ibafo, ẹ kú ọjà o, ọjà á tà. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, láti ọ̀dọ̀ wa níbí títí dé Ifọ̀, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ọ̀rọ̀ ọrùn tó ń ro wá ni, ọ̀rọ̀ èjìká tó le bí igi ni, ọ̀rọ̀ oorun tó kọ̀ tí kò wá mọ́ lóru ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọjọ́ ti ń rí ní àgbègbè wa yìí. Kí àkùkọ tó kọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dúró sí ẹ̀bá títì Èkó sí Ìbàdàn, wọ́n ń wá ọkọ̀. Títì yìí, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, ti mú ènìyàn àti òwò wá bá wa, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti ń jẹ wákàtí ẹni. Ẹni tó jí ní aago mẹ́rin ìdájí lè má wọlé títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí gbogbo ara rẹ̀ á ti le gan-an lórí ìjókòó ọkọ̀. Ẹni tí kò lọ sí Èkó náà kò bọ́. Oníṣòwò ń ronú ọjà tí ó gbà ní àwìn, ó ń ronú owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó yá, ó ń ronú owó àjọ tí ó gbọ́dọ̀ dá ní ọ̀la. Olùkọ́ ń ronú ìwé àwọn ọmọ tí ó fẹ́ máàkì lábẹ́ iná tí kò dúró sójú kan, ó ń ronú owó ilé-ìwé àwọn ọmọ tirẹ̀, ó sì ń ronú owó-oṣù tí kì í bá oṣù dé òpin.

Bí alẹ́ bá wá lẹ́, ara á wà lórí ẹní, ọkàn á wà lọ́jà. Ọkọ á yí síhìn-ín, ìyàwó á yí sọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó sùn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ sọ fún ẹnì kejì pé òun kò sùn.

Ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ bi mí ní ìbéèrè kan ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Ó ní, "Tíṣà, ṣé àyà jíjá náà ní oògùn tí kì í ṣe hóró?" Nígbà tí mo tẹ́tí sí i dáadáa, mo gbọ́ pé ààbọ̀ hóró oògùn oorun ni wọ́n kọ́kọ́ tà fún un ní ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn, láìsí ìwé dókítà. Ààbọ̀ di ẹyọ kan, ẹyọ kan di méjì. Nísinsìnyí, bí ó bá lo méjì tán, igi àjà ni ó ń kà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìbéèrè ìyá yìí ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń béèrè rẹ̀.

KÍ LÓ DÉ TÍ ÌRÒNÚ FI Ń WỌ INÚ ARA?

Àwọn baba wa kò ka ìwé ìṣègùn, ṣùgbọ́n èdè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa mọ ibi tí ìrònú ń gbé. Bí ẹ̀rù bá bà wá, a ó ní àyà wa já. Bí ìbínú bá dé, a ó ní inú wa ru. Bí ewu bá kọjá, a ó ní ọkàn wa balẹ̀. Bí ìsinmi bá dé, a ó ní ara tù wá. Àbí ẹ kò rí i pé ara ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí? Ohun tí àwọn dókítà òde òní fi ẹ̀rọ wò tí wọ́n rí náà nìyẹn.

Bí ènìyàn bá pàdé paramọ́lẹ̀ ní ọ̀nà oko, ọpọlọ rẹ̀ á ránṣẹ́ kíákíá sí gbogbo ara. Àwọn ohun kékeré méjì kan wà tí wọ́n jókòó lórí kíndìnrín wa. Iṣẹ́ tiwọn ni láti tú ohun kan tí a ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Èémí á di kúkúrú. Ẹ̀jẹ̀ á ya lọ sí apá àti ẹsẹ̀. Iṣan ọrùn àti ti èjìká á le. Oúnjẹ inú ikùn pàápàá á dúró díẹ̀ ná. Gbogbo èyí dára púpọ̀, nítorí kí ènìyàn lè sá tàbí kí ó lè jà ni. Bí ó bá ti sá tán, tàbí tí ó ti pa ejò náà, ara á padà sí ipò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbèsè kì í ṣe paramọ́lẹ̀. A kò lè sáré kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, a kò sì lè fi igi pa á. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kì í ṣe paramọ́lẹ̀. Ọ̀gá tó ń pariwo mọ́ni kì í ṣe paramọ́lẹ̀. Síbẹ̀, ara kò mọ ìyàtọ̀. Ó ń di àmùrè ogun láràárọ̀, kò rí ogun jà, kò sì sí ẹni tó wá sọ fún un pé ogun ti tán. Bẹ́ẹ̀ ni èjìká ṣe ń le fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí eyín ń lọ ara wọn lójú oorun, tí orí ń fọ́ni láti ẹ̀yìn wá síwájú, tí inú ń kùn, tí oorun sì ń jìnnà.

Ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ mú wá kò ju èyí lọ: kí a fi ọwọ́ wa sọ fún ara wa pé ogun ti tán. Bí ọkàn ti ń mú ara le, bẹ́ẹ̀ náà ni ara tó rọ̀ ń fa ọkàn padà sílẹ̀.

ÀWỌN TÓ TI ṢE IṢẸ́ YÌÍ ṢÁÁJÚ WA

Ní ìpínlẹ̀ tiwa níbí, ọ̀rọ̀ ìlera ọkàn kì í ṣe ohun àjèjì. Ní ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1923, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò. Wọn kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà parí nígbà náà, ṣùgbọ́n Lambo kò dúró de bíríkì. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, olúkúlùkù pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ń gba ìtọ́jú dókítà, wọ́n sì ń gbé láàrin ènìyàn, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ oko, wọ́n ń jẹun pẹ̀lú ará ilé. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pàápàá, Lambo mú wọn mọ́ra. Ayé gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Ní 1961, Abẹ́òkúta ni àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Áfíríkà ti ṣe àpérò wọn àkọ́kọ́, nígbà tó sì di 1973, Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó sì wà nípò náà títí di 1988. Ó papòdà ní 2004. Ẹ̀kọ́ tí ó fi sílẹ̀ fún wa ni pé ìfọ̀kànbalẹ̀ kì í ti inú ìgò oògùn nìkan jáde.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ tún gbọ́ èyí. Dókítà kan láti Kánádà, Raymond Prince, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa. Wọ́n ń ráhùn pé orí ń gbóná, pé orí ń ta àwọn, pé ojú ń ṣe bàìbàì, pé àwọn ń ka ìwé tí kò wọlé. Brain fag ni wọ́n pè é, èyí ni ọpọlọ tó ti rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò ya ọ̀lẹ. Ìwé kíkà lóru mọ́jú, pẹ̀lú ìrètí gbogbo ẹbí lórí èjìká ọmọ kan ṣoṣo, kì í ṣe ẹrù kékeré. Ìgbà tí ẹ bá tún rí ọmọ tó di orí mú nínú kíláàsì, ẹ má ṣe kọ́kọ́ na ọwọ́ sí pàṣán.

Ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan, kufungisisa, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ríro àròjù. Ní 2006, Dókítà Dixon Chibanda kó àwọn ìyá àgbà 14 jọ ní àdúgbò Mbare ní ìlú Harare, ó kọ́ wọn bí a ti ń tẹ́tí sí ẹni tí ìrònú bò mọ́lẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi ni wọ́n ń jókòó sí. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé ara àwọn tó bá wọn jókòó yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú gẹ́gẹ́ bí ìṣe lọ. Ẹ kò rí i bí ohun tí a ní nílé ti ń wo àìsàn tí a ń gbé kiri?

Ní ti ara rírọ̀ gan-an, Dókítà Edmund Jacobson ti ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ tó ní ìlànà. Ìwé rẹ̀ lórí rẹ̀ jáde ní 1929. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn ti sinmi, tí iṣan wọn sì ṣì le. Nítorí náà ó kọ́ wọn láti kọ́kọ́ fún iṣan pọ̀, kí wọ́n lè mọ bí líle ti ń rí, lẹ́yìn náà kí wọ́n tú u sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ bí rírọ̀ ti ń rí. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà tẹ ìwé alápèjúwe kan jáde ní 2020 láti kọ́ gbogbo ayé bí a ti ń dúró gírí nígbà wàhálà. Wọ́n ti dán ẹ̀kọ́ tí ìwé náà bá rìn wò láàrin àwọn obìnrin tí ogun lé láti South Sudan wá sí Uganda, wọ́n sì rí i pé ìdààmú ọkàn wọn dín kù. Bí ó bá ran ẹni tí ogun lé kúrò nílé lọ́wọ́, ó yẹ kí ó lè ran ẹni tí gbèsè ń lé lọ́wọ́.

Ìwọ́ra pàápàá ńkọ́, ta ni yóò kọ́ Yorùbá? Ẹ wo ìyá àgbà tí ń wẹ ọmọ tuntun. Ó fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́, ó fi òrí tàbí àdín pa á lára, ó na apá rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ó tó parí, ojú ọmọ ti ń kún fún oorun. Ohun tó mú ọmọ náà sùn kò kú nínú wa. Kìkì pé nígbà tí a dàgbà tán, kò sí ẹni tó ń wọ́ wa mọ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ọwọ́ kan náà lè tún ara ṣe.

BÍ A Ó TI ṢE É

Ẹ wá ogún ìṣẹ́jú ní alẹ́, lẹ́yìn tí oúnjẹ bá ti lọ sílẹ̀. Ẹ gbé fóònù jìnnà. Ẹ jókòó sórí àga tàbí ẹní, kí ẹ tú gèlè tàbí ìgbànú yín. Ẹ wá òrí díẹ̀ tàbí àdín àgbọn. Bí kò bá sí òróró rárá, ọwọ́ lásán tó.

Èkíní ni èémí. Ẹ gbé ọwọ́ kan lé ikùn. Ẹ fi imú fa èémí wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin nínú ọkàn yín. Kí ikùn gbé ọwọ́ yín sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí èémí jáde díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi ka ẹẹ́fà. Ẹ ṣe é ní ìgbà mẹ́wàá. Àṣírí rẹ̀ ni pé kí èémí tó ń jáde gùn ju èyí tó ń wọlé lọ, nítorí ìgbà tí èémí ń jáde ni ọkàn máa ń lù pẹ̀lẹ́. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ mí bí ẹ ti ń mí tẹ́lẹ̀.

Èkejì ni fífún àti títú, ohun tí Jacobson kọ́ ayé. Ẹ di ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ ju ẹ̀ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má lo gbogbo agbára yín. Ẹ ka ààrún. Ẹ tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ ka ogún, kí ẹ máa kíyè sí bí ọwọ́ ti ń wúwo tí ó sì ń rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé èjìká sókè bí ẹni fẹ́ kan etí, ẹ ka ààrún, ẹ jẹ́ kí ó wó lulẹ̀. Ẹ fún ojú pọ̀ bí ẹni jẹ ọsàn kíkan, ẹ tú u. Ẹ fún ikùn, ẹ tú u. Ẹ fún itan, ẹ tú u. Ẹ ká ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ tú u. Ẹ má ṣe dá èémí dúró bí ẹ ti ń ṣe é. Ìgbà títú ni iṣẹ́ wà, nítorí náà ẹ má kánjú níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọrùn àti èjìká. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún kọjá àyà lọ di èjìká òsì mú, níbi tí ẹran ti nípọn láàrin ọrùn àti èjìká. Ibẹ̀ ni alárù, oníṣòwò àti olùkọ́ ń kó wàhálà sí. Ẹ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń po fùfú, ẹ ka mẹ́wàá, ẹ tú u, ẹ sún síwájú díẹ̀. Ẹ ṣe é dé orí èjìká, kí ẹ tó bọ́ sí èkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ọmọ ìka ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn ọrùn, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, kì í ṣe lórí egungun fúnra rẹ̀. Ẹ máa yí wọn roboto kékeré kékeré títí dé ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí kókó kan tó ń dùn yín, ẹ fi ọwọ́ lé e jẹ́ẹ́, kí ẹ mí síta. Ìrora tó dùn mọ́ni kò burú. Ìrora tó mú kí ẹ fún eyín pọ̀ ti pọ̀ jù.

Ẹ̀kẹrin ni orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ fi ìka méjì yí ẹ̀bátí yín roboto fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ pa eyín dé, ẹ ó rí iṣan kan tó yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ la ẹnu díẹ̀, kí ẹ máa wọ́ ibẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀. Ẹni tí ń lọ eyín lóru yóò mọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọmọ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wọ́ agbárí bí ìgbà tí a ń fọ irun. Bí ẹ bá fẹ́ lo òróró ìpara tó ń ta bíi róòbù, ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí ojú.

Ẹ̀karùn-ún ni ọwọ́ tó ka owó tàbí tó di ṣọ́ọ̀kì mú láti àárọ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò ọwọ́ kan tẹ àárín àtẹ́lẹwọ́ kejì, kí ẹ máa yí i. Ẹ fa ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé orí, láìjẹ́ pé ẹ ń ta á.

Ẹ̀kẹfà ni ẹsẹ̀. Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ dán an wò, kí ẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òrí pa á, ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì wọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka. Ẹni tí kò lè tẹ̀ ba dáadáa lè jókòó, kí ó máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí bọ́ọ̀lù kékeré kan tàbí ìgò ike tó kún fún omi lórí ilẹ̀.

Èkeje ni ìdákẹ́jẹ́. Ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ kàn máa tẹ́tí. Kí ni ẹ ń gbọ́? Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ọkọ̀ ńlá tó ń kọjá ní títì, ọ̀pọ̀lọ́ nínú àbàtà. Bí ìrònú gbèsè bá tún yọjú, ẹ má bá a jà, ẹ má sì tẹ̀lé e. Ẹ wí nínú ọkàn yín pé, "Mo rí ọ," kí ẹ padà sí èémí yín. Ẹ lè padà ní ogún ìgbà, kò burú.

Ẹni tó wà lórí ìsọ̀ kò ní ogún ìṣẹ́jú ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n ó ní ìṣẹ́jú méjì láàrin oníbàárà kan sí èkejì. Kí ó ṣe èémí márùn-ún, kí ó gbé èjìká sókè kí ó sì jù ú sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Nínú kíláàsì mi, bí ìdánwò bá kù fẹ́ẹ́rẹ́, mo máa ń ní kí àwọn ọmọ di ọwọ́, kí wọ́n tú u, kí wọ́n mí síta gígùn. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kíláàsì á dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n á sì ka ìbéèrè wọn pẹ̀lú ojú tó wà nílẹ̀.

OHUN TÍ A KÒ GBỌ́DỌ̀ ṢE

Ẹ má ṣe tẹ iwájú ọrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ọ̀fun, nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń lọ sí ọpọlọ wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ọrùn yín lójijì kí ó lè dún kọ́. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tí ó gbóná, tí ó sì ń dunni, ẹ má wọ́ ọ rárá. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú iṣan, ìwọ́ra sì lè gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ má wọ́ ojú ọgbẹ́, egungun tó ṣẹ́ tàbí ara tí ibà ń mú. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ tẹ ikùn, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ kí ó tó wọ́ apá ibòmíràn. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá jà lè má mọ̀ pé omi gbóná lẹ́sẹ̀ òun. Kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a dán an wò. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò gbọ́dọ̀ tìtorí ìwọ́ra fi oògùn dókítà sílẹ̀.

Ní ti hóró oorun, ọ̀rọ̀ mi sí ìyá elélùbọ́ àti gbogbo ẹni tó bá wà ní ipò rẹ̀ nìyí. Irú oògùn bẹ́ẹ̀, ara máa ń mọ́ ọn lára, á sì máa béèrè sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń lò ó fún ìgbà pípẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nítorí ewu ń bẹ nínú ìyẹn náà: ara lè máa gbọ̀n, gìrì pàápàá lè mú un. Kí ó lọ bá dókítà, kí dókítà bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ní àkókò náà, kí ó máa wọ́ ara rẹ̀ lálẹ́.

"TÍṢÀ, OWÓ NI MO FẸ́"

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń wí báyìí pé, "Tíṣà, èjìká lẹ̀ ń sọ, gbèsè lèmi ń jẹ. Ẹ fún mi lówó, ẹ ó rí i bí èjìká mi yóò ti rọ̀." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Òrí kì í san owó alájẹṣẹ́kù. Kò sí bí a ti lè wọ́ ọrùn tó, onígbèsè yóò ṣì jí bá gbèsè rẹ̀ láàárọ̀. N kò ní tan yín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a jọ rò ó. Ẹni tí kò sùn fún òru mẹ́ta, ṣé ó lè ṣe ìṣirò ọjà láìṣì í? Ṣé yóò lè bá ẹni tó jẹ lówó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, kí ó bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i? Àbí ìjà ni yóò bá a jà, tí yóò sì tún lọ yá owó elélè gọbọi láti fi dí ojú èyí tó wà nílẹ̀? Ara tó rọ̀ kò san gbèsè, ṣùgbọ́n òun ló ń fún orí láyè láti wá ọ̀nà tí a ó gbà san án. Nítorí náà, kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ẹ mú ìwé àti bíro. Ẹ kọ iye tí ẹ jẹ, ẹni tí ẹ jẹ, ọjọ́ tí ẹ dá, àti ohun kan ṣoṣo tí ẹ ó ṣe nípa rẹ̀ ní ọ̀la. Ẹ pa ìwé náà dé. Ohun tó wà nínú ìwé kò sá lọ. Kò pọn dandan kí orí máa gbé e dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ẹ tún sọ ọ́ fún ẹnìkan. Ọkọ àti ìyàwó tí wọ́n jọ ń ka igi àjà lórí ẹní kan náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀rọ̀. Kí ọ̀kan bá èkejì wọ́ ẹ̀yìn níbi tí ọwọ́ ara ẹni kò dé. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó ṣòro láti sọ lójúkojú máa ń rọrùn láti sọ nígbà tí a bá kẹ̀yìn sí ẹni tí ń wọ́ wa.

ÌGBÀ TÍ ỌWỌ́ ARA ẸNI KÒ TÓ

Bí àyà bá ń dunni bí ẹni gbé òkúta lé e, tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò wá, kì í ṣe ìgbà ìwọ́ra nìyẹn. Bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan kò gbé sókè, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, rọpárọsẹ̀ lè ti dé. Ẹ gbé aláìsàn náà lọ sí ilé ìwòsàn láìfi wákàtí kan ṣòfò. Bí ọkàn bá ń lù fùkẹ̀fùkẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò; àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà lẹ́yìn ohun tí a pè ní ìrònú.

Bí oorun bá sì kọ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí oúnjẹ kò wu ni jẹ, tí ohun tó ń dùn mọ́ni tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́, tàbí tí èrò pé ó sàn kí èmi kú bá ń wá sọ́kàn, ẹ má fi pamọ́. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ fọkàn tán lójọ́ náà gan-an, kí ẹ sì jọ lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn Àrò wà ní Abẹ́òkúta fún gbogbo wa. Àwọn kan ń bẹ̀rù ẹnubodè rẹ̀ nítorí wọ́n rò pé wèrè nìkan ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Òfin ilẹ̀ wa àtijọ́ pàápàá, ti ọdún 1958, orúkọ wèrè ló fi ń pe aláìsàn ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n bu ọwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó ka aláìsàn yìí sí ènìyàn tó ní ẹ̀tọ́. Bí òfin bá lè yí ẹnu padà, àwa náà lè yí tiwa padà. Ẹni tí eyín ń dùn kì í tijú dókítà eyín.

Ẹ̀yin ará, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má retí pé alẹ́ kan ṣoṣo ni yóò tú ohun tí ọdún méjì dì. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, lálaalẹ́, kí ẹ tó sọ pé ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Òrí kò wọ́n, omi gbígbóná kò wọ́n, ọwọ́ sì ti wà lára wa láti ìgbà tí a ti bí wa. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹni tó bá sùn dáadáa ni yóò jí lọ sí ọjà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí oorun yín dùn o.